William Edwards Deming: Olùkọ́ Tí Ó Ń Fi Iṣẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Wọn Ara Rẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n kò tán síbì kan. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣe kàyéfì pé kí ni ìtàn ará Amẹ́ríkà tí ó jẹ́ onímọ̀ ìṣirò ń wá nínú ìwé ọdọọdún àwọn tí ń kọ́ èdè Yorùbá, kí ó jọ̀wọ́ fara balẹ̀ bá mi dé òpin rẹ̀. Láti ọdún 2011 tí ìjọba àpapọ̀ ti dá yunifásítì sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, tí àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ sì ń gba ẹ̀kọ́ tiwọn ní Ìkọ̀lé, ẹ̀kọ́ gíga ti dé ẹnu ọ̀nà àwa ará àríwá Èkìtì. Ìbéèrè méjì wà tí kò yọ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kankan sílẹ̀. Kí ni ó ń mú kí iṣẹ́ di ojúlówó? Bí iṣẹ́ bá sì bàjẹ́, ọwọ́ ta ni ó ti bàjẹ́? Ọkùnrin tí ó fi ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta dúró níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì láti dáhùn ìbéèrè méjèèjì yìí ni William Edwards Deming.

Ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 1900 ni a bí i ní ìlú Sioux City, ní ìpínlẹ̀ Iowa. William ni orúkọ bàbá rẹ̀; Edwards sì ni orúkọ ìdílé ìyá rẹ̀, Pluma Irene Edwards. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà ṣe ń jẹ́ orúkọ ilé bàbá àti ti ilé ìyá pọ̀. Nígbà tí ó wà ní kékeré, àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí ìpínlẹ̀ Wyoming ní ìwọ̀ oòrùn, níbi tí ìjọba ti ń fún àwọn ènìyàn ní ilẹ̀ láti fi dáko. Bàbá rẹ̀ gba ilẹ̀ éékà ogójì ní ìlú Powell, ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà kò lọ́ràá. Nínú ahéré tí a fi pákó àti bébà ọlọ́dà kàn ni wọ́n gbé fún ọdún bíi mélòó kan, nínú òtútù tí ọyẹ́ tiwa kò tó ọmọ rẹ̀ í ṣe. Ìyá rẹ̀ ń kọ́ àwọn ènìyàn ní orin àti dùùrù. Ọmọ náà ń ṣe iṣẹ́ kéékèèké ní hòtẹ́ẹ̀lì, ó sì ń tan àtùpà òpópónà ìlú fún owó díẹ̀. Títí tí ó fi kú ni ó kórìíra kí a fi nǹkan ṣòfò.

Ní ọdún 1917 ó wọ Yunifásítì Wyoming ní ìlú Laramie, ó sì gba oyè àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ iná mànàmáná ní 1921. Láti ibẹ̀ ó lọ sí Yunifásítì Colorado, ó gba oyè kejì nínú ìṣirò àti físíìsì. Ní 1928, Yunifásítì Yale fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé. Ilé ayé kò fi adùn nìkan bá a lò. Agnes, ìyàwó àkọ́fẹ́ rẹ̀, kú ní 1930, ó fi ọmọbìnrin kékeré kan tí wọ́n gbà tọ́ sílẹ̀. Ní 1932 ó fẹ́ Lola Shupe, ẹni tí òun náà mọ ìṣirò dáadáa. Ọmọbìnrin méjì ni wọ́n bí, wọ́n sì jọ wà títí Lola fi kú ní 1986.

Nígbà tí Deming ṣì wà ní Yale, ó lo ìgbà ìsinmi ọdún 1925 àti ti 1926 ní ilé iṣẹ́ Hawthorne nítòsí Chicago, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ti ń ṣe ẹ̀rọ tẹlifóònù. Iye tí òṣìṣẹ́ bá ṣe ni wọ́n ń sanwó lé. Lẹ́yìn náà ni àwọn olùyẹ̀wò yóò dúró ní ìparí iṣẹ́, wọn a máa ṣa èyí tí kò dára sọ́tọ̀. Ètò yìí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Láìpẹ́ ó pàdé Walter Shewhart, onímọ̀ kan ní ilé ìwádìí Bell, ẹni tí ó ti ya àwòrán onílà kan ní 1924 láti fi mọ̀ bóyá iṣẹ́ ń lọ déédéé tàbí nǹkan ti yí i padà.

Ẹ jẹ́ kí n fi iyán ṣàlàyé ọgbọ́n Shewhart, nítorí kò sí ọmọ Ìdó, ọmọ Ọ̀yẹ́ tàbí ọmọ Ìkọ̀lé tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ ohun tí iyán jẹ́ fún. Ìyá tí ó ń gún iyán tà lójoojúmọ́ kò lè gún un kí ti òní àti ti àná bára mu délẹ̀délẹ̀. Lónìí yóò le díẹ̀, lọ́la yóò rọ̀ díẹ̀. Kókó méjì lè wà nínú rẹ̀ lónìí, kí ó jẹ́ ẹyọ kan lọ́la. Irú ìyàtọ̀ báyìí ti inú ètò iṣẹ́ wá: irú iṣu tí a rà, bí iná ṣe rí, bí odó ṣe jinlẹ̀ tó, bí àwọn oníbàárà ṣe ń kánjú tó. Ṣùgbọ́n bí kókó ogún bá ṣàdédé kún inú iyán ní ọjọ́ kan, nǹkan pàtó kan ni ó ṣẹlẹ̀. Bóyá òjò pa iná kí iṣu tó jinná. Shewhart ya ìlà kan sókè, ó ya òmíràn sísàlẹ̀. Ohun tí ó bá wà láàárín ìlà méjèèjì, ètò ni ó ni ín. Èyí tí ó bá fò kọjá ìlà, kí á tètè wá ìdí rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń bú agúnyán nítorí kókó méjì tí ó ti inú iṣu wá kò tíì tún iyán ṣe. Ó kàn bà á lọ́kàn jẹ́ ni. Bí a bá fẹ́ kí kókó dín kù, àfi kí á yí irú iṣu padà, tàbí kí á tún ààrò ṣe. Agúnyán kọ́ ni ó sì ń fọwọ́ sí owó iṣu, ẹni tí ó ni búkà ni.

Ọ̀rọ̀ yìí ni Deming gbé mì tí ó di ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀. Láti 1927 ó ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìjọba tí ó wà fún ètò ọ̀gbìn ní Washington, ó sì ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀. Ní 1938 ó pe Shewhart wá láti bá wọn sọ̀rọ̀ ní ìgbà mẹ́rin, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì tún ọ̀rọ̀ náà tò tí ó fi di ìwé ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ní 1939 ó kọjá sí ilé iṣẹ́ tí ń ka iye ènìyàn. Nínú ìkànìyàn ọdún 1940, ó wà lára àwọn tí ó fi hàn pé a lè fi ìbéèrè kan bi díẹ̀ nínú àwọn ará ìlú, kí á sì ti ibẹ̀ mọ bí gbogbo ìlú ṣe rí, bí ìgbà tí alásè bu ọbẹ̀ díẹ̀ tọ́ wò tí ó sì mọ bí gbogbo ìkòkò ṣe rí. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ro ọbẹ̀ náà dáadáa. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tí ó léfòó nìkan ni yóò tọ́.

Nígbà tí ogun àgbáyé kejì wọ Amẹ́ríkà lára, Deming dábàá pé kí a kọ́ àwọn tí ń ṣe ohun ìjà ní ọ̀nà Shewhart. Yunifásítì Stanford ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 1942, ẹ̀kọ́ náà sì tàn dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún onímọ̀ ẹ̀rọ. Nígbà tí ogun parí, ẹ̀kọ́ náà parẹ́ bí ìrì òwúrọ̀. Ọjà Amẹ́ríkà ń tà wàràwàrà káàkiri ayé, àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ kò sì rí ìdí tí wọn yóò fi máa ya ìlà kiri. Deming rí ibi tí òun ti kùnà: àwọn òṣìṣẹ́ àti onímọ̀ ẹ̀rọ ni òun kọ́, òun kò kọ́ àwọn ọ̀gá tí ń pàṣẹ fún wọn. Ní 1946 ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó di olùkọ́ ní Yunifásítì New York, níbi tí ó ti ń kọ́ àwọn tí yóò di ọ̀gá ilé iṣẹ́ lọ́la.

Ibi tí a kò fojú sí ni orúkọ rẹ̀ ti là. Ní 1947 wọ́n rán an lọ sí Japan láti ràn wọ́n lọ́wọ́ lórí ètò ìkànìyàn. Ogun ti sọ ìlú ńláńlá ibẹ̀ di eérú, ebi ń pa àwọn ènìyàn. Ọjà tí wọ́n ń tà sí òkè òkun ṣáájú ogun sì ti lórúkọ burúkú: bí ohun kan bá pọ́ọ́kú tí kò sì lálòpẹ́, ayé a ní ti Japan ni. Ní 1950, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti onímọ̀ ẹ̀rọ ilẹ̀ náà, tí a mọ̀ sí JUSE, pe Deming pé kí ó wá kọ́ àwọn. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ni ó wá gbẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà tún ṣẹlẹ̀. Ó ní dandan ni kí òun rí àwọn ọ̀gá. Ichiro Ishikawa, tí ó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ náà, ránṣẹ́ pe àwọn olórí ilé iṣẹ́ ńláńlá, ní oṣù keje ọdún náà wọ́n sì wá gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ó ya àwòrán kan fún wọn níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwòrán náà ni àwọn tí ń ta ohun èlò wà, ilé iṣẹ́ wà ní àárín, ẹni tí yóò ra ọjà wà ní òpin, ìlà kan sì padà láti ọ̀dọ̀ olùrajà wá sí ìbẹ̀rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ohun kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀. Ojúlówó kì í ṣe ohun tí olùyẹ̀wò ń fi kún ọjà ní ẹnu ọ̀nà àbájáde. Láti orísun ni ó ti ń bá ọjà bọ̀. Àwa tí a ti inú oko kòkó wá mọ̀ pé òtítọ́ ni. Kí ìjọba tó fòpin sí àwọn bọ́ọ̀dù tí ń ra irè oko ní 1986, olùyẹ̀wò a máa la kòkó wò, a sì pín in sí ìpele. Ṣùgbọ́n ta ni olùyẹ̀wò tí ó lè sọ kòkó tí a kò fi ewé bò fún ọjọ́ tí ó yẹ, tí a kò sì sá kí ó gbẹ, di kòkó gidi? Ohun tí oko bá ti bàjẹ́, ilé ìyẹ̀wò kò lè tún un ṣe. Ó kàn lè sọ pé ó bàjẹ́ ni.

Àwọn ará Japan gba ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì mú un lò. Nígbà tí wọ́n tẹ àwọn ẹ̀kọ́ rẹ̀ jáde, Deming kò gba owó tí ó tọ́ sí i lórí ìwé náà. Ní 1951 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ tí ó bá pegedé ní ẹ̀bùn. Toyota gba ẹ̀bùn náà ní 1965. Ní 1960, ọba Japan ti fi oyè dá Deming lọ́lá. A kì í sì í tìtorí iyì ẹnì kan gba iyì ẹlòmíràn. Joseph Juran, ará Amẹ́ríkà mìíràn, lọ kọ́ wọn ní 1954. Kaoru Ishikawa, ọmọ Ichiro, àti àwọn onímọ̀ ilẹ̀ náà ni wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ọgbọ́n àlejò kì í tún ilé ṣe bí onílé kò bá dìde. Lónìí, ẹni tí ó bá dúró sí ẹ̀bá títì ní Ìkọ̀lé tí ó ka iye ọkọ̀ Toyota tí ń kọjá yóò mọ̀ pé orúkọ burúkú ìjọ́sí ti di ìtàn.

Síbẹ̀, ohun tí ó kàn wá jù nínú ìgbésí ayé Deming ni bí ó ṣe ń ṣe nínú kíláàsì tirẹ̀. Kò fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ mọ sí ilé iṣẹ́ tẹlifóònù àti ọkọ̀. Ó gbà pé fífi máàkì to àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti orí ẹni kìíní dé ẹni ìkẹyìn ń pa ayọ̀ ẹ̀kọ́ ní ọkàn ọmọ, ó sì ń sọ ẹlẹgbẹ́ di ọ̀tá. Nítorí náà, gbogbo ẹni tí ó bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì Deming ni ó ń yege. Kì í ṣe pé kì í ka ìwé wọn. Ó ń kà á fínnífínní, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń wá nínú rẹ̀ yàtọ̀. Ó ń wò ó bóyá òun gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ń ṣe dáadáa, ó ń wá ibi tí àlàyé òun kò ti yé wọn, ó ń wá ẹni tí ó nílò ìrànlọ́wọ́ pàtàkì, àti ẹni tí ó ti mọ̀ ju ohun tí a ń kọ́ lọ. Ìwé akẹ́kọ̀ọ́ di òṣùwọ̀n tí olùkọ́ fi ń wọn ara rẹ̀.

Ó ní eré kan tí ó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Yóò kó ẹgbàajì ìlẹ̀kẹ̀ sínú igbá: 3,200 funfun, 800 pupa. Yóò pe ènìyàn mẹ́fà jáde gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́, yóò sì fún wọn ní pákó pẹlẹbẹ tí ó ní ihò àádọ́ta láti fi bu ìlẹ̀kẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n bu funfun nìkan. Pupa jẹ́ àbùkù. Ẹnì kan a bu pupa márùn-ún, Deming a yìn ín, a fi owó kún owó rẹ̀. Ẹlòmíràn a bu mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a kìlọ̀ fún un níwájú gbogbo ènìyàn. Ní ọjọ́ kejì eré náà, ẹni tí a yìn a bu mẹ́rìnlá, ẹni tí a bá wí a bu méje. A lẹ ìwé ìyànjú mọ́ ògiri, a lé àwọn tí kò ṣe dáadáa lọ, síbẹ̀ pupa kò yé yọ. Àwọn ènìyàn a máa rẹ́rìn-ín, títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi wọ̀ wọ́n lára. Kò sí ohun tí òṣìṣẹ́ lè ṣe. Ìdá kan nínú márùn-ún ìlẹ̀kẹ̀ inú igbá ni ó pupa. Ẹni tí ó kó ìlẹ̀kẹ̀ sínú igbá ni ó ni ẹ̀bi. Nínú ìdíyelé Deming, nǹkan bí 94 nínú ọgọ́rùn-ún ìṣòro iṣẹ́ ni ó ti inú ètò wá, mẹ́fà péré ni a lè rí ìdí pàtàkì kan tí ó fà á.

Ilé kò tètè mọ̀ ọ́n. Ó ti pé ọmọ ọdún 79 kí Amẹ́ríkà tó gbọ́ orúkọ rẹ̀ dáadáa. Ọjà Japan ti ń lé ọjà wọn kúrò nílẹ̀ nígbà náà, nígbà tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n NBC fi ètò kan hàn ní ọjọ́ 24, oṣù kẹfà, ọdún 1980, tí ó ń béèrè ìdí tí Japan fi lè ṣe é tí Amẹ́ríkà kò fi lè ṣe é. Inú ètò náà ni wọ́n ti rí bàbá àgbàlagbà yìí. Ní ọdún kejì, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Ford, tí ó ń pàdánù owó gọbọi, ránṣẹ́ sí i. Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ ni yóò bá wọn sọ. Nípa ìwà àwọn ọ̀gá ni ó béèrè. Láti ìgbà náà ni ó ti ń rìn kiri, tí ó ń fi ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin kọ́ àwọn ènìyàn. Ó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ sí ọ̀nà mẹ́rìnlá nínú ìwé rẹ̀ tí ó pè ní Out of the Crisis. Lára wọn ni pé kí a lé ìbẹ̀rù kúrò ní ibi iṣẹ́, kí a má fi ìyẹ̀wò ìkẹyìn ṣe igi ẹ̀yìn ọgbà, kí a wó odi tí ó wà láàárín ẹ̀ka kan àti èkejì. Ní 1987, Ààrẹ Reagan fún un ní àmì ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè. Ó ń kọ́ni ní Yunifásítì New York títí di ọdún tí ó kú. Ọjọ́ 20, oṣù kejìlá, ọdún 1993 ni ó dákẹ́ ní ilé rẹ̀ ní Washington, ó jẹ́ ẹni ọdún 93.

Gbogbo ènìyàn kọ́ ni ó gba ẹ̀kọ́ rẹ̀ tọwọ́tẹsẹ̀. Àwọn kan ní bí kò bá sí máàkì, báwo ni a ó ṣe mọ dókítà tí ó lè la ènìyàn ní abẹ? Àwọn mìíràn ní ọ̀lẹ yóò fi ètò bojú. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ à-gbé-sọnù. Mo rò pé ìdáhùn wà nínú ìlà méjì Shewhart. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo bá kùnà nínú ọgọ́rùn-ún, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti fò kọjá ìlà. Kí á pè é, kí á wá ìdí rẹ̀, ìbáà jẹ́ àìsàn, ìbáà jẹ́ ìmẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n bí ogójì bá ń kùnà nínú kọ́ọ̀sì kan náà lọ́dọọdún, tí olùkọ́ ń yí padà, tí akẹ́kọ̀ọ́ ń yí padà, tí iye náà kò sì yí padà, ìlẹ̀kẹ̀ pupa wà nínú igbá. Bóyá ìwé kò tó ní ilé ìkàwé. Bóyá kíláàsì kún jù tí ohùn kò fi dé ẹ̀yìn. Bóyá ohun tí ó yẹ kí a kọ́ wọn ní ọdún kìíní ni a kò kọ́ wọn. A lè fi ọ̀lẹ pe ogójì ènìyàn lọ́dọọdún títí ayé, ìyẹn kò ní mú pupa kan kúrò nínú igbá.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, bí ẹ bá parí kíka ìwé ìdánwò lọ́dún yìí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ ka iye tí ó kùnà ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe iye tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan gbà nìkan. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, kí ẹ wo ohun tí yóò sọ. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, kí àwa náà má fi ètò ṣe àwáwí. Bí ohun kan kò bá yé wa, kí á sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì, kí á má dúró di àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò. Bí ìlà tí ó padà láti ọ̀dọ̀ olùrajà bá já, ilé iṣẹ́ kò lè gbọ́ nǹkan kan. Deming kò fi ilé ńlá sílẹ̀ fún wa ní Èkìtì, kò sì mọ̀ wá. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó di ẹni ọdún 93 tí ó ṣì ń wá àṣìṣe ara rẹ̀ nínú ìwé ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó ẹni tí à ń wo àwòkọ́ṣe rẹ̀.